Bí A Ṣe Ń Kán Timolol Sójú Láì Ṣe Ọkàn Léṣe

Timolol ni oògùn tí wọ́n ń kán sójú nítorí glaucoma, àrùn tó máa ń ba ìríran jẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí dókítà ojú fún ní timolol kì í kà á mọ́ oògùn. Bí nọ́ọ̀sì bá bi wọ́n pé oògùn wo ni wọ́n ń lò, ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n máa dárúkọ, wọn ò ní rántí ìgò kékeré tí wọ́n ń kán sójú. Bẹ́ẹ̀, ẹbí kan náà ni timolol pẹ̀lú atenolol, propranolol àti bisoprolol tí wọ́n ń gbé mì nítorí ọkàn: beta-blocker ni gbogbo wọn, ìyẹn oògùn tó ń mú kí ọkàn máa lù lọ́ra. Ihò tóóró kan wà nínú ojú tó já sí imú. Ibẹ̀ ni oògùn náà ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò sì kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá bíi hóró oògùn. Ẹ̀kán kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ dé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ sọ gbogbo àìsàn yín fún dókítà ojú. Bí ẹ bá ní asímà, tàbí ó ti ṣe yín rí, kódà ní kékeré, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ oògùn. Timolol lè dí ọ̀nà èémí pa, ó sì ti pa àwọn alásímà rí. Ẹ sọ ọ́ bí ọkàn yín bá ń lù lọ́ra jù. Ẹ kó gbogbo oògùn ilé dání lọ, pàápàá verapamil àti diltiazem, tí wọ́n ń lò fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, àti beta-blocker oníhóró. Oògùn ojú mìíràn wà, bíi latanoprost, tí kì í ṣe ara ẹbí yìí.

Bó bá tó àkókò láti kán an, ẹ fọwọ́. Ẹ gbójú sókè, ẹ fi ìka fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ẹ kán ẹ̀kán kan síbẹ̀. Ojú ò lè gbà ju ẹ̀kán kan lọ, èkejì á kàn ṣàn dànù ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu ìgò kan ojú. Ẹ wá di ojú náà pẹ̀lẹ́, láì fún un pọ̀, kí ẹ fi ìka tẹ igun rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì. Èyí gan-an ni àwọn èèyàn kì í ṣe, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dí ihò tó lọ sí imú, tí oògùn fi máa dúró sójú tí a fẹ́ kó ti ṣiṣẹ́. Bí oògùn ojú mìíràn bá kù, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ìgò sára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgò timolol kì í kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ má fi í sílẹ̀ nítorí pé ẹ ò rí ìyàtọ̀. Glaucoma sábà máa ń ba ojú jẹ́ láì dunni, ìríran tó bá sì bá a lọ kì í padà. Láàárín àwa adúláwọ̀ ló ti wọ́pọ̀ jù, ó sì tètè ń bẹ̀rẹ̀ lára wa.

Ní ti beta-blocker oníhóró, ẹ má dá a dúró lójijì láé. Ọkàn tí oògùn náà ti mọ́ lára lè sáré gidi, àyà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, àrùn ọkàn òjijì sì lè tẹ̀ lé e. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ ra òmíràn kí tọwọ́ yín tó tán, owó tàbí àìsí oògùn ní kẹ́mísììtì ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà yìí. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan, ẹ má lo méjì pọ̀.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra sí i. Nígbà tí ṣúgà bá lọ sílẹ̀, beta-blocker máa ń bo gbígbọ̀n àti àyà tó ń lù kìkì mọ́lẹ̀, àmọ́ ara ṣì máa ń làágùn. Bí ẹ bá ń làágùn láìnídìí, ẹ yẹ ṣúgà wò.

Ẹ fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ níhà àtàǹpàkò, kí ẹ ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá tó 50, tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ kàn sí dókítà lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá dákú, tàbí èémí há, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé yín lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pẹ̀lú ìgò oògùn ojú náà.