Bí ẹ ṣe lè háyà mọ́tò nílùú Ọba kí owó yín má baà bá a lọ

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo háyà mọ́tò nílùú Ọba, ìgbéyàwó àbúrò mi ní Manchester ló gbé mi lọ. Ìbàdàn ni mo wà tí mo ti fi fóònù gba mọ́tò náà, inú mi sì dùn pé mo rí i lówó pọ́ọ́kú. Nígbà tí mo fi máa dá kọ́kọ́rọ́ padà, owó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó jà mí lólè o. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí. Orí kántà ni owó náà ti jò, bẹ́ẹ̀ ilé ló yẹ kí n ti dí i.

Ẹ kọ́kọ́ ka iye ọjọ́ tí ẹ máa fi lo mọ́tò gan-an. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo gba tèmi, láti pápákọ̀ òfurufú Gatwick. Ọjọ́ mẹ́rin nínú rẹ̀, iwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi ń ra ìwé ìgbọ́kọ̀sí àlejò fún un lójoojúmọ́, àwa sì ń wọ bọ́ọ̀sì àti rélùwéè kiri. Ẹni tí kò bá ní í kúrò ní London kò nílò mọ́tò rárá. Ọjọ́ tí ẹ bá ń jáde nílùú ni kí ẹ gbà á, kí ẹ sì gbà á ní ẹ̀ka tó wà láàárín ìgboro, torí ti pápákọ̀ òfurufú sábà máa ń wọ́n jù ú lọ. Ẹ wo aago tí wọ́n ń tì pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìgboro kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday. Wákàtí 24 ni wọ́n sì ń pè ní ọjọ́ kan. Bí ẹ bá gbà á láago mẹ́wàá àárọ̀, tí ẹ wá dá a padà láago mọ́kànlá lọ́jọ́ tó yẹ kó padà, wákàtí kan yẹn lè di owó ọjọ́ kan gbáko sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tètè gba ààyè, kí ó jẹ́ irú èyí tí ẹ lè fagi lé láìsan kọ́bọ̀. Ẹ máa yẹ iye owó wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá wálẹ̀, ẹ fagi lé ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ gba tuntun. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ìrìn àjò kan ṣoṣo.

Ibì kan wà tí n kò ní gbà yín níyànjú láti ṣọ́wó ná: ọkọ̀ tó ń yí gíà fúnra rẹ̀. Ó wọ́n ju èyí tí à ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ sanwó rẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù April 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, apá òsì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà. Ẹni tó ń wá ọ̀nà ní ràǹdábáọ̀tù àkọ́kọ́, tó tún ń fi ọwọ́ òsì yí gíà, wàhálà méjì ló dì mọ́ra.

Ní ti ìwé, àlejò lè fi ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà tó pé wakọ̀ ní Britain fún oṣù 12. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pépà onígbà díẹ̀ tí a máa ń gbé kiri títí káàdì gidi á fi jáde o. Wọ́n lè kọ̀ ọ́ lórí kántà, kí owó tí ẹ ti san sì wọgbó. Orúkọ ẹni tó máa wakọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lórí káàdì ìsanwó, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ń fẹ́ káàdì kírẹ́díìtì. Wọ́n á di owó ìdúró mọ́ orí rẹ̀, ẹ ò sì ní lè ná an títí tí wọ́n á fi tú u sílẹ̀. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìnṣọ́ránsì ni kókó ọ̀rọ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Mọ́tò àháyà ní Britain máa ń ní ìnṣọ́ránsì lára, àmọ́ iye kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ gbé bí nǹkan bá ṣe ọkọ̀ náà. Excess ni wọ́n ń pè é, ó sì sábà máa ń tó £1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ orí kántà á wá ní kí ẹ máa san nǹkan lé e lójoojúmọ́ kí ẹrù náà lè kúrò lọ́rùn yín. Ká ní £20 ni lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́wàá di £200, ó sì lè ju owó mọ́tò fúnra rẹ̀ lọ. Ibí yìí gan-an ni tèmi ti bàjẹ́.

Ilé iṣẹ́ mìíràn wà tó ń ta ìnṣọ́ránsì tó máa dá excess yẹn padà fún yín, owó rẹ̀ sì máa ń kéré gan-an sí ti kántà. Kí ẹ tó rà á, ẹ wò ó bóyá wọ́n ń gba ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, torí àwọn kan wà tó jẹ́ ará Britain àti Yúróòpù nìkan ni wọ́n ń tà á fún. Ẹ wò ó bóyá táyà àti gíláàsì iwájú wà nínú rẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sanwó ìbàjẹ́ lápò ara yín kí wọ́n tó dá a padà. Bí owó ọwọ́ yín kò bá lè gba £1,000 lójijì, ẹ ra ti kántà, kí ọkàn yín balẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá fún yín ní kọ́kọ́rọ́, ẹ má ì tíì wọ ọkọ̀ náà. Ẹ fi fóònù ya fídíò yí ọkọ̀ náà ká: bọ́ńpà, ilẹ̀kùn, gíláàsì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ya irin wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ mi nítorí ibi tó họ lára wíìlì ẹ̀yìn, kò sì gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó dá mi lójú pé mo bá a níbẹ̀ ni, àmọ́ n kò ní fọ́tò kankan. Ohunkóhun tí ẹ bá rí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó gbéra.

Ẹ ṣọ́ra fún owó ojú ọ̀nà. Níbi tí wọ́n ti ń kọjá odò Thames ní Dartford, kò sí tólgéètì bíi ti Lekki, láti 2014 ni wọ́n ti kó o kúrò. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. £3.50 ni, ẹ lè san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ san án kí aago méjìlá òru ọjọ́ kejì tó lù. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, ọ̀fẹ́ ni. N kò mọ̀ nígbà tí mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi ní Grays, lódìkejì odò náà, ni £3.50 bá di ìtanràn, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì tún fi owó iṣẹ́ tiwọn lé e. Bí ẹ bá wakọ̀ wọ àárín gbùngbùn London, £18 lójúmọ́ ni Congestion Charge láti January 2026.

Ìjókòó ọmọdé: ẹ yá ti mọ̀lẹ́bí, tàbí kí ẹ gbé tiyín wá, ọ̀pọ̀ bàálù kì í gbowó lórí rẹ̀. Google Maps orí fóònù tó fún ọ̀nà.

Kí ẹ tó dá a padà, ẹ ra epo kún táǹkì ní ilé epo súpámákẹ́ẹ̀tì bíi Tesco tàbí Asda. Ti ojú mótówéè ló wọ́n jù. Ẹ fi rìsíìtì pamọ́, kí ẹ ya gééjì epo àti iye máìlì. Bí ẹ̀rọ ìsanwó bá béèrè bóyá dọ́là tàbí pọ́n-ùn ni ẹ fẹ́ fi san, ẹ mú pọ́n-ùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yẹ káàdì yín wò bóyá wọ́n ti tú owó ìdúró náà sílẹ̀, bí wọn ò bá tíì tú u, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an.