Bí mo ṣe gbé ìyá ìlù wọ inú kọ̀ǹpútà tí kò fi di akólòlò

Ọ̀rọ̀ kékeré kan, "ìlú", ló fi hàn mí pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ṣe kò tíì wúlò. Mo ti gba ìró ìyá ìlù kan ṣoṣo sílẹ̀, mo nà án kárí gbogbo bọ́tìnnì kííbọọ̀dù orin mi, mo sì gbé kọ̀ǹpútà láti Ṣómólú lọ bá bàbá onílù tó bá mi lù ú ní Mushin. Mo tẹ dò, mo tẹ mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbọ́, 'ìlú' ni mo pè yẹn."

Bàbá mi orí. "Ọmọ mi, kò pe ìlú. Ó kàn gbá nǹkan lẹ́ẹ̀mejì ni."

Wọ́n gbé ìlù kọ́ èjìká, wọ́n fi kọ̀ǹgọ́ lù ú, wọ́n sì fún ọsán. Ìgbà yẹn ló yé mi. Bí a bá fi ẹnu wa pe "ìlú", ohùn òkè tó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò sókè lójijì. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń gun òkè bọ̀. "Rárà" náà, ṣe ló ń yọ́ wálẹ̀. Ìlù tí kò bá lè yọ́ báyìí, kò lè sọ Yorùbá.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé wíìlì pitch bend, èyí tó ń yí ohùn sókè sódò lára kííbọọ̀dù, á ṣe é. Nínú fáìlì SFZ, ìyẹn fáìlì tó ń sọ ìró tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan máa dún, 200 cents (cents ni ìwọ̀n gíga ohùn) ni wíìlì yìí máa ń gbé ohùn sókè bí èèyàn ò bá yí iye yẹn padà. Mo sọ ọ́ di 700. Ìró gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣaworo etí ìlù bá a gòkè, ó wá ń dún bí ohun ìṣeré ọmọdé. Ní ara ìlù gidi, ọsán kì í fún ṣaworo. Awọ nìkan ló ń le. Nína tí mo na ìró kan ṣoṣo náà tún ní àbùkù tirẹ̀: bí sampler, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dún ìró tí a gbà sílẹ̀, bá gbé ìró sókè ní octave kan, ṣe ló ń sáré kà á ní ìlọ́po méjì, ìró náà á sì parí ní ìdajì àkókò rẹ̀. Awọ ewúrẹ́ á wá dún bí agolo.

A tún un gbà. Aago márùn-ún ìdájí ni, kí ọjà Ojúwòyè tó jí, kí jẹnẹrétọ̀ àti dánfó tó gba àdúgbò. Bàbá fi aṣọ we ṣaworo kó má dún. Wọ́n lu dò, re, mí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní jẹ́jẹ́, ní déédéé, ní líle, ẹ̀ẹ̀mẹrin mẹ́rin. Ìró 36 nìyẹn. A gba yíyọ́ sókè mẹ́rin, yíyọ́ wálẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni wọ́n tú aṣọ, tí wọ́n mi ṣaworo nìkan lẹ́ẹ̀mẹfà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50, pẹ̀lú máìkì kan, 24-bit, 48 kHz.

Inú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé ìró, ni mo ti gé wọn. Mo gé ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú ìró kúrò pátápátá, nítorí bó bá ṣẹ́kù díẹ̀, ìlù á máa pẹ́ lẹ́yìn ìka. Àṣìṣe ńlá tí mo ṣe níbẹ̀ ni pé mo ṣe Normalize fún ìró kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: jẹ́jẹ́ àti líle wá ń pariwo bákan náà. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà, mo sì fi iye kan náà gbé gbogbo wọn sókè.

SFZ kì í ṣe àwámárìídìí. Ọ̀rọ̀ lásán ni, Notepad tó o. Sforzando, sampler tí iléeṣẹ́ Plogue ṣe ní Kánádà, ni mo fi ń gbọ́ ọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo fi dò sí key=60 (nọ́ńbà bọ́tìnnì kííbọọ̀dù nìyẹn), re sí 62, mí sí 64, yíyọ́ sókè sí 65, yíyọ́ wálẹ̀ sí 67. Agbára ìka nínú MIDI, èdè tí kííbọọ̀dù fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kì í kọjá 127, nítorí náà jẹ́jẹ́ gba 1 dé 50, déédéé gba 51 dé 95, líle gba ìyókù. Seq_length=4 ló ń jẹ́ kí ìró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa gbapò ara wọn, kí ìlù má baà dún bí ìbọn.

Ibi tó gbà mí lákòókò jù ni ìpanumọ́. Awọ kan ṣoṣo ni, bí kọ̀ǹgọ́ bá tún bà á, ìró àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dákẹ́. Group=1 àti off_by=1, tó kó àwọn ìró awọ sí ẹgbẹ́ kan tí ọ̀kan ti ń pa èkejì lẹ́nu mọ́, ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń gé e pẹ́kí bí ẹni fi àdá bẹ́ ẹ. Mo fi off_mode=normal àti ampeg_release=0.08 sí i, ó sì rọ̀. Ṣaworo kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí: òun ń dún lọ ní tirẹ̀, bend_up=0, bend_down=0, lorand àti hirand sì ń ṣẹ́ kèké lórí ìró mẹ́fà rẹ̀.

Mo padà sí Mushin. Mo tẹ 60, mo tẹ 65. Bàbá ò sọ nǹkan kan. "Tún un pè." Mo tún un pè. Wọ́n na ọwọ́ wá, wọ́n fi ìka kan tẹ 64, wọ́n tẹ 67, jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n tún wá tẹ̀ ẹ́ kíkan.

"Rárà nìyẹn," wọ́n ní. "Ó fẹ́ falẹ̀ díẹ̀ tó bá ń bọ̀ nílẹ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. A tún yíyọ́ wálẹ̀ méjì gbà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì fi wọ́n rọ́pò èyí tó falẹ̀.

"Gúdúgúdú rẹ̀ ńkọ́?"

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Túsìdé la fi sí.