Bí a ṣe ń yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí kò ní ìwúkàrà, tí a fi ewé olóòórùn dídùn sí

Búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí kò ní ìwúkàrà kò nílò ààrò ńlá, bẹ́ẹ̀ ni kò gba pé kí ènìyàn jókòó ti ìyẹ̀fun títí yóò fi wú. Páànù irin tí ó nípọn, iná gáàsì tàbí iná èédú, àti ìgò òfìfo tí a fọ̀ mọ́ láti fi tẹ́ ẹ, ti tó fún iṣẹ́ náà. Omi ni ó sábà máa ń bà á jẹ́: èyí tí a dà sí i jù, àti èyí tí ó kù lára ewé tí a kò jẹ́ kí ó gbẹ. Nítorí náà, ewé ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú.

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin), efinrin kì í ṣọ̀wọ́n; ẹni tí ó bá ń rà á lọ́wọ́ àwọn Ègùn ní ọjà Wàndó lè béèrè tchiayo, orúkọ tí wọ́n ń pè é. A lè fi àlùbọ́sà eléwé kún un, tàbí persil (ewé tí a ń pè ní parsley ní èdè Gẹ̀ẹ́sì) tí àwọn tí ń dá oko ẹ̀fọ́ máa ń tà. Efinrin lágbára púpọ̀. Ewé rẹ̀ mẹ́wàá péré ti tó fún ìwọ̀n tí a ó lò níhìn-ín, nítorí pé bí a bá ki ẹ̀kúnwọ́ kan bọ inú rẹ̀, búrẹ́dì náà yóò máa rùn bí àgbo. Ti persil àti àlùbọ́sà eléwé kò le tó bẹ́ẹ̀, a sì lè lo ẹ̀kúnwọ́ kan àwọn méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n apá aláwọ̀ ewé àlùbọ́sà náà nìkan ni kí a mú, nítorí pé apá funfun rẹ̀ lómi jù. Kí a fọ àwọn ewé náà, kí a gbọn omi ara wọn dànù, kí a sì tẹ́ wọn sórí aṣọ mímọ́ títí wọn yóò fi gbẹ. Ọ̀bẹ ni kí a fi rẹ́ wọn wẹ́wẹ́, nígbà tí a bá ṣe tán láti po ìyẹ̀fun. Mi ò gbà kí a lọ̀ wọ́n, ì báà ṣe lórí ọlọ tàbí nínú ẹ̀rọ, nítorí pé omi wọn yóò tú jáde, ìyẹ̀fun yóò sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ata, kí ó lo ata gbígbẹ tí a lọ̀.

Ìyẹ̀fun àlìkámà funfun tí ó tó 300 gíráàmù, iyọ̀ ṣíbí kékeré kan, òróró ẹ̀pà ṣíbí ìjẹun méjì, àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ó tó nǹkan bí 170 mìlílítà ni a ó lò. Yóò fún wa ní búrẹ́dì mẹ́jọ. Kí a po iyọ̀ àti ewé mọ́ ìyẹ̀fun, kí a fi ọwọ́ ra òróró mọ́ ọn, kí a tó máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Má ṣe da gbogbo omi náà sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí ọ̀sà wà nítòsí, ìyẹ̀fun tí a kò bò dáadáa máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, kò sì ní gba omi púpọ̀. Ní Kétu tàbí Ṣábẹ́ẹ, ní apá àríwá Àjàṣẹ́, nígbà ọyẹ́, ìyẹ̀fun kan náà lè béèrè omi ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ọwọ́ ni yóò sọ fúnni: bí ìyẹ̀fun náà bá rọ̀, tí kò sì lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ mọ́, omi ti tó.

Kí a pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí a fi aṣọ ọ̀rinrin bò ó, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ìsinmi yìí, wọ́n a sì máa bínú sí ìyẹ̀fun nígbà tí ó bá ń súnkì padà bí wọ́n ti ń tẹ́ ẹ. Èròjà kan wà nínú àlìkámà, gluten ni orúkọ rẹ̀, tí ó máa ń le nígbà tí a bá ń pò ó. Ìsinmi ni yóò jẹ́ kí ó dẹ̀. Búrẹ́dì tí kò ní ìwúkàrà ti àwọn Júù nígbà Àjọ̀dún Ìrékọjá yàtọ̀ sí èyí pátápátá, nítorí òfin wọn kò gbà ju ìṣẹ́jú 18 lọ láti ìgbà tí omi bá ti kan ìyẹ̀fun títí di ìgbà tí yóò fi wọ ààrò.

Lẹ́yìn ìsinmi, kí a pín in sí mẹ́jọ, kí a ká ọ̀kọ̀ọ̀kan roboto, kí a sì máa yí ìgò lórí rẹ̀ títí yóò fi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18. Bí ó bá nípọn jù, inú rẹ̀ kò ní jinná kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó jó. Kí páànù ti gbóná kí búrẹ́dì tó débẹ̀, kí a má sì ta òróró sí i. Ta omi díẹ̀ sí i wò. Bí omi náà bá ń ta pàrà tí ó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀, ó ti tó. Iná tí ó rẹlẹ̀ kò dára fún un rárá, nítorí pé yóò pẹ́ lórí iná, yóò gbẹ, yóò sì le. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ yóò máa yọ ìléròrò. Omi inú rẹ̀ tí ó di ooru gbígbóná ni ó ń gbé e sókè, láìsí ìwúkàrà kankan. Kí a yí i padà, kí a fún un ní ìṣẹ́jú kan sí i, kí a sì gbọn ìyẹ̀fun tí ó bá jó sínú páànù kúrò kí òmíràn tó wọlé. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń jáde, kí a máa tò wọ́n lé ara wọn nínú aṣọ mímọ́, nínú igbá tí ó ní ìdérí, kí ooru wọn lè mú wọn rọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìyẹ̀fun àgbàdo dín owó kù lè fi rọ́pò ìdá mẹ́rin kan àlìkámà náà. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa fọ́ nígbà tí a bá ń tẹ́ ẹ, nítorí pé àgbàdo kò ní èròjà tí ń fà yẹn. Wàràkàṣì díndín pẹ̀lú ata yíyan ni mo fẹ́ràn láti fi jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé móyò, ọbẹ̀ tòmátì àti àlùbọ́sà, náà bá a mu. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù lè dúró nínú aṣọ di ọjọ́ kejì. Kí a wọ́n omi díẹ̀ sí i lára kí a tó dá a padà sórí páànù.