Wi-Fi ń já ṣáá lẹ́yìn tẹ́ ẹ ṣe upgrade Windows? Ẹ má tíì lọ ra router tuntun

Aǹtí mi kan tó ń ṣe tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́ pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní òun ò rí máàkì àwọn ọmọ fi ránṣẹ́ mọ́, pé àtìgbà tóun ti gbé laptop òun kúrò lórí Windows 10 bọ́ sórí 11 ni Wi-Fi ò ti gbádùn, á wà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á já, á padà wá, á tún já. Kó tó pè mí, ó ti ra MiFi tuntun, ó ti pààrọ̀ síìmù, ó ti ra dátà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wàhálà yẹn ò sì lọ. Ó dùn mí gan torí mo mọ bí owó tíṣà ṣe rí. Nígbà tí mo wọkọ̀ láti Ado lọ bá a ní Sátidé, inú laptop yẹn náà ni gbogbo ẹ̀ wà, àtúnṣe ẹ̀ ò sì gbà wá tó wákàtí kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wà nínú irú ẹ̀ báyìí, kó ka èyí tán kó tó ná kọ́bọ̀.

Ìdí tó fi pọ̀ lásìkò yìí ni pé Microsoft dá àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní October 14, 2025, ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń sáré bọ́ sórí 11. Nínú laptop yín, káàdì kékeré kan wà tó ń gba Wi-Fi, àmọ́ káàdì yẹn àti Windows ò gbọ́ èdè ara wọn, sọ́fítíwíà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní driver ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn. Ẹ wò ó bí ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ń tẹ̀lé pásítọ̀ kan láti ọdún mẹ́ta, wọ́n wá gbé pásítọ̀ mìíì dé láàárọ̀ Sọ́ńdè, ọ̀rọ̀ á ṣì máa jáde lẹ́nu ẹ̀ ṣùgbọ́n á máa fo gbólóhùn. Lẹ́yìn upgrade, ó lè jẹ́ driver àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ Windows ló fi èyí tó rí lọ́wọ́ rọ́pò ẹ̀, Wi-Fi á tan lóòótọ́, kò kàn ní dúró ni. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn nǹkan tẹ́ ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣètò tẹ́lẹ̀, pàápàá èyí tó kan bátìrì àti dátà, ó ṣeé ṣe kó ti padà sí bó ṣe wà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń já

Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, òun náà sì lèèyàn kì í ṣe. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ pa dátà orí ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọ Wi-Fi kan náà tí laptop ń lò, kẹ́ ẹ sì jókòó síbi kan náà. Nígbà tí ti laptop bá já, ẹ wo fóònù lójú ẹsẹ̀. Tí fóònù ṣì ń lọ, ẹ̀yin náà ti rí i, router ò ṣe nǹkan kan. Tí méjèèjì bá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo iná ara router, torí tí iná NEPA bá ti rẹlẹ̀ jù, router á máa kú á máa jí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe sí laptop tó máa wo ìyẹn sàn.

Ti aǹtí mi, ohun tó tàn án jẹ ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni Wi-Fi máa ń bẹ̀rẹ̀ wàhálà, ó wá gbà pé mast àdúgbò ló ń kú pẹ̀lú iná. Ọ̀rọ̀ yẹn bá ọgbọ́n mu, torí ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tá a dúró de NEPA kí wọ́n mú iná, tí wọ́n sì mú un, fóònù ẹ̀ ń gba video lórí MiFi yẹn kan náà, laptop nìkan ló já. Ibẹ̀ ni mo ti fura sí bátìrì, mo ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i kedere ju ti fóònù lọ, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter, kẹ́ ẹ wá kọ

ipconfig

Ẹ wá ibi tó ti kọ Default Gateway, nọ́ńbà router yín nìyẹn, ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1, ọ̀pọ̀ MiFi sì máa ń jẹ́ 192.168.8.1. Ẹ wá ṣí cmd méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ kọ ping -t pẹ̀lú nọ́ńbà router yín sínú ọ̀kan, ẹ kọ ping -t 8.8.8.8 sínú èkejì, nọ́ńbà Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ping á máa béèrè bóyá ẹni tẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ ń dáhùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa sáré, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ọjọ́ tó bá já, ẹ wo èwo ló ń kọ Request timed out, General failure tàbí Destination host unreachable. Tó bá jẹ́ 8.8.8.8 nìkan, tí ti router ń dáhùn, ọ̀nà laptop mọ́, ìta ló ti ń já, ẹ pe àwọn tẹ́ ẹ ń ra dátà lọ́wọ́ wọn. Tó bá jẹ́ méjèèjì, àárín laptop àti router ni, ẹ máa kà á lọ. Tí méjèèjì bá sì ń dáhùn dáadáa síbẹ̀ tí ojú ìwé kankan ò ṣí, ẹ kọ ipconfig /flushdns kí laptop lè gbàgbé àdírẹ́sì ojúlé tó ti fi pamọ́, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú. Ctrl àti C lẹ ó fi dá ping dúró.

Ọ̀rọ̀ bátìrì

Níbí lọ́dọ̀ wa, orí bátìrì ni laptop ti ń lo ìdajì ayé ẹ̀, torí náà ẹ fara balẹ̀ níbí. Tí laptop bá ti wà lórí bátìrì, Windows á máa wá nǹkan tó lè pa kí bátìrì lè pẹ́, káàdì Wi-Fi sì wà lára ohun tó lè pa. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ Start, ẹ mú Device Manager, ẹ ṣí Network adapters, ẹ wá èyí tí Wi-Fi tàbí Wireless tàbí 802.11 wà lára orúkọ ẹ̀, ó lè jẹ́ Intel, Realtek, Qualcomm tàbí MediaTek. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Power Management, ẹ yọ àmì tó wà níwájú “Allow the computer to turn off this device to save power”, ẹ tẹ OK. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ sí Control Panel, Power Options, Change plan settings, Change advanced power settings, ẹ wá Wireless Adapter Settings, kẹ́ ẹ sọ Power Saving Mode di Maximum Performance, fún On battery àti Plugged in méjèèjì. Àwọn laptop kan wà tí ẹ ò ní rí ojú ewé Power Management yẹn rárá, òmíràn ò sì ní ní Wireless Adapter Settings, kì í ṣe pé ẹ ṣìṣe, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ẹ kọjá lọ sórí driver.

Bátìrì á tètè lọ díẹ̀ lóòótọ́. Ó sàn ju kí máàkì ọgọ́rin ọmọ dánù ní àárín ọ̀nà.

Driver gan-an

Nínú Properties káàdì yẹn kan náà, ẹ tẹ Driver. Ẹ ó rí ọjọ́ orí ẹ̀ níbẹ̀ ní Driver Date. Tí Roll Back Driver bá ṣeé tẹ̀, á jẹ́ pé Windows ṣì fi driver àtijọ́ pamọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ Restart, kẹ́ ẹ lò ó fún ọjọ́ kan wò. Tí kò bá ṣeé tẹ̀, ẹ lọ sí Settings, Windows Update, Advanced options, Optional updates, ẹ wò bóyá driver Wi-Fi wà ńbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ló ti máa ń jókòó dè yín tẹ́nì kankan ò sọ fún yín. Tí kò bá sí, ẹ lọ sórí ojúlé ilé-iṣẹ́ tó ṣe laptop yín, HP, Dell, Lenovo, èyí tó bá jẹ́, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà laptop náà bó ṣe wà lábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ mú driver wireless tó jẹ́ ti Windows 11. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kan àwọn app tó ń pariwo pé àwọn máa bá yín tún gbogbo driver ṣe lẹ́ẹ̀kan, òmíràn nínú wọn máa kó ẹrù tẹ́ ẹ ò rà wọlé fún yín.

Ẹ lè ní báwo lèèyàn ṣe ń fi Wi-Fi tó ń já gbé driver wọlé? Ẹ so fóònù mọ́ laptop pẹ̀lú okùn ṣájà, ẹ lọ sí Hotspot lórí fóònù Android yín, ẹ tan USB tethering, laptop á máa gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú okùn, kò ní bá Wi-Fi dá nǹkan pọ̀. Ẹ jẹ́ kí okùn yìí wà lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan driver kankan.

Tí tuntun náà ò bá ṣe é, ẹ padà sí Device Manager, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ orúkọ káàdì, ẹ mú Uninstall device, ẹ má fi àmì sí àpótí tó ń béèrè bóyá kó yọ driver pẹ̀lú, kẹ́ ẹ wá Restart. Windows á tún un fi sí i fúnra ẹ̀.

Àwa tá a ń lo tòkúnbọ̀, ọ̀rọ̀ tiwa tún yàtọ̀ díẹ̀. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan tó máa ń wà nínú laptop, tó bá sì jẹ́ Intel, láti ìran kẹjọ sókè ni púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n fọwọ́ sí, àmọ́ àwọn ẹnjiníà mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gbé e sórí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Tí tiyín bá wà lára wọn, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má rí driver Windows 11 lórí ojúlé rárá, ẹ mú ti Windows 10, ó sábà máa ń ṣiṣẹ́. Tó bá kọ̀ jálẹ̀, Wi-Fi kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú USB wà, owó ẹ̀ ò sún mọ́ ti router.

Ilé yín náà lẹ́nu ọ̀rọ̀

Oríṣi ìgbì Wi-Fi méjì ni ọ̀pọ̀ router ń lò, 5 GHz àti 2.4 GHz. 5 GHz máa ń yára, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù kan tàbí méjì ti tó láti mú un rẹ̀, ká má tíì sọ ilé alámọ̀ àwọn bàbá wa tí ògiri ẹ̀ nípọn. 2.4 GHz lọ́ra ṣùgbọ́n ó ń wọlé jìnnà. Tí router bá fún méjèèjì lórúkọ kan náà, laptop lè máa fò láti orí ọ̀kan sí èkejì, ìyẹn náà á dà bíi pé ó ń já. Ẹ wọnú ètò router, ẹ fún wọn lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ lo 2.4 níyàrá tó jìnnà. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn àpáta, ẹ gbé MiFi sójú fèrèsé tó kọjú sí mast, kì í ṣe abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe ẹ̀yìn fíríìjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí laptop gbàgbé Wi-Fi yẹn kó tún un mọ̀: Settings, Network & internet, Wi-Fi, Manage known networks, Forget. Ẹ rí i pé ẹ mọ pásíwọọ̀dù kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o.

Ibi tí dátà ń gbà lọ

Dátà tó run mọ́ aǹtí mi lọ́wọ́, kì í ṣe ẹnì kankan ló jí i. Lẹ́yìn upgrade, update ṣì máa ń wọlé tẹ̀léra fún ọjọ́ mélòó kan, tí Windows ò bá sì mọ̀ pé dátà tí wọ́n ń wọ̀n lẹ ń lò, á máa fa gbogbo ẹ̀, ẹ̀yin á wá rí ojú ìwé tí kò ṣí, ẹ ó ní ó ti já. MiFi tuntun tó rà gan-an ló mú un burú sí i, torí Wi-Fi tuntun lójú laptop ni. Ẹ tẹ Wi-Fi yín nínú Settings, ẹ wọ Properties ẹ̀, ẹ tan Metered connection. Ẹ tún lọ sí Windows Update, Advanced options, Delivery Optimization, òun ló lè máa fi dátà yín pín update fún kọ̀ǹpútà mìíì, ẹ pa á. Tẹ́ ẹ bá ṣe Forget tán, ẹ padà wá tan Metered, torí á ti kúrò.

Tó bá ṣì ń já lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wo VPN àti antivirus tẹ́ ẹ ti ní látorí Windows 10, ẹ yọ ọ́ kúrò fún ọjọ́ kan wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni Network reset, ó wà nínú Advanced network settings, á pa gbogbo pásíwọọ̀dù Wi-Fi tẹ́ ẹ ti fi pamọ́ rẹ́, laptop á sì Restart, nítorí náà ẹ má fi bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá máa gbé e lọ fún ẹnjiníà, ẹ ṣí cmd pẹ̀lú Run as administrator, ẹ kọ

netsh wlan show wlanreport

Á kọ ìtàn Wi-Fi yín fún ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn sínú ìwé kan, á sọ ibi tó gbé e sí, ẹ fi browser ṣí i. Wákàtí tó já àti ohun tó fa jíjá yẹn wà níbẹ̀, ó dára ju kẹ́ ẹ máa sọ fún ẹnjiníà pé “ó kàn ń já ṣáá”.

Ẹni tí kò bá tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tó ṣe upgrade, Go back wà nínú Settings, System, Recovery, á gbé e padà sórí Windows 10. Ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín sórí flash. Àmọ́ ẹ rántí pé Windows 10 ò gba update ààbò mọ́, àyàfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò Microsoft tó ń fi update ààbò kún un fún ìgbà díẹ̀.

Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá yí padà, ẹ yí ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ lò ó kọjá ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ kẹ́ ẹ tó kan òmíràn. Bá a ṣe ṣe ti aǹtí mi nìyẹn, a yọ àmì bátìrì, ó dín kù, kò tán, a wá gbé driver tuntun wọlé pẹ̀lú okùn fóònù mi, ó tán. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló fi máàkì ránṣẹ́, NEPA ti mú iná lọ. MiFi tuntun yẹn, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀ tó ń kàwé ní Ọ̀yẹ́.