Ewé Àjèjì Lójú Ọ̀sà: Ohun Tí Ẹ Bá Rí, Ẹ Jẹ́ Kí Ẹlòmíràn Gbọ́

Fún ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin tí ẹ ń yan ẹja, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé, láti Ẹ̀bútè Mẹ́ta àti Mákòókò títí dé Akọkà àti Bàríga.

Àwọn baba wa máa ń wí pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ewé tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ yín lónìí kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Water hyacinth ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i nínú omi ilẹ̀ wa, nígbà tó gba ojú omi Porto-Novo wọ Badagry. Ìdìpọ̀ kékeré téèyàn lè fọwọ́ kó ló fi ń bẹ̀rẹ̀ níbikíbi tó bá dé, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó lè di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí ẹni tó kọ́kọ́ rí i kò fi gbọdọ̀ wa ọkọ̀ kọjá kó dákẹ́.

Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀

Ẹ fa ẹyọ kan sókè. Ewé rẹ̀ ń dán, ó rí roboto, ọ̀pá ewé náà sì wú bí àlùbọ́sà kékeré. Bí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, á rọ̀ bíi fóòmù, nítorí afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Òun ló ń gbé e léfòó. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó sì ń ṣe jọ̀wọ̀lọ̀ bí irùngbọ̀n. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò, ẹyọ ewé òdòdó kan sì ní àmì pupa rúsúrúsú láàárín bí ojú. Níbi tí wọ́n bá ti há mọ́ra, ọ̀pá ewé a máa gùn, kì í wú tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi òdòdó àti gbòǹgbò dá a mọ̀. Ojú oró ní tirẹ̀ tò yípo bíi kábéèjì, kò ní ọ̀pá, irun wẹ́wẹ́ sì wà lára ewé rẹ̀.

Ẹ má gbára lé orúkọ nìkan. Ewé kan wà lórí ilẹ̀ tí àwọn kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Akíntọ́lá-ta-kú. Ewé kan náà ni, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lòun náà ti wá. Bí ará Yábàá bá kọ orúkọ kan, tí ará Agége kọ èkejì, ẹni tó ń kó ìròyìn jọ lè kà á sí oríṣi méjì. Fótò ni yóò yanjú rẹ̀.

Ohun tí ìròyìn gbọ́dọ̀ ní

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi àtijọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ pé "ewé pọ̀ ní Bàríga." N kò kọ ọjọ́, n kò sì kọ ẹ̀bùté wo. Nígbà tí wọ́n bi mí bóyá ṣáájú òjò ló dé tàbí lẹ́yìn òjò, n kò rí nǹkan sọ. Ó dùn mí, nítorí mo fojú ara mi rí i.

Ọjọ́ ṣe pàtàkì gan-an nínú ọ̀sà wa. Bí òjò bá ti pọ̀, omi odò á ti ewé náà wọlé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi òkun bá wọ ọ̀sà, iyọ̀ á pa á. Ṣùgbọ́n èso rẹ̀ lè wà nínú ẹrẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún, kó tún hù. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ẹ̀bùté, ìwọ̀n rẹ̀ (ìdìpọ̀ kan ni, àbí ó ti dí gbogbo ọ̀nà?), àti apá ibi tí ìgbì ti ń gbé e bọ̀. Bí ẹ bá dé ibi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀ tí ẹ kò bá a, ẹ kọ ìyẹn náà. Ìròyìn gidi ni.

Fótò tí ẹ bá fi WhatsApp ránṣẹ́ lásán kì í gbé ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á dání. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ fótò fúnra yín. Ẹ fi tó baálẹ̀ tàbí alága ẹgbẹ́ apẹja létí, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ LASWA tó ń bójú tó ọ̀nà omi ní Èkó. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá ní fóònù tó dáa lè gbé e sórí iNaturalist, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tí àwọn tó mọ ewé yóò ti bá wọn yẹ orúkọ rẹ̀ wò.

Fún ẹ̀yin alágbàdo, fall armyworm, kòkòrò ajẹ̀wé àgbàdo tó wọ ilẹ̀ wa ní 2016, ni kí ẹ máa wò fún: àmì Y tó dorí kodò wà níwájú orí rẹ̀, àmì dúdú mẹ́rin sì wà nítòsí ìdí rẹ̀. Ẹ wo àárín ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ìgbẹ́ rẹ̀ dà bíi lẹ́búlẹ́bú pákó tó tutù.

Bí ẹ bá ń kó ewé omi yìí, ẹ má fi àdá gé e wẹ́wẹ́, torí èyí tó bá já lè tún hù. Ẹ kó o sórí ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí omi. Ẹ má kó èyí tó hù níbi tí omi iléeṣẹ́ ń ṣàn sí sínú oko ẹ̀fọ́. Ó máa ń fa májèlé inú omi mọ́ra. Ọkọ̀ tó bá sì ti Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú dé, ẹ yẹ àwọ̀n àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò kó tó gúnlẹ̀ sí Mákòókò.