Ilẹ̀ Tí Ó Ti Ṣá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àgbẹ̀ Tí Àgbàdo Rẹ̀ Ń Pọ́n Rẹ́súrẹ́sú

Ìbéèrè: Oko wa wà lẹ́bàá Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọdún karùn-ún nìyí tí a ti ń gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ kan náà. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, àgbàdo yọ ọmọ dáadáa. Nísinsìnyí, bí ó bá ti ga dé orúnkún, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí a bá fi ajílẹ̀ òyìnbó sí i, á gbé díẹ̀, á sì tún padà sí bí ó ti wà. Kí ni ó ṣe ilẹ̀ náà?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ewé náà ti ń pọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé láti ṣóńṣó ewé ìsàlẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń gba àárín ewé bọ̀ wá sí ìdí, a jẹ́ pé naitirójìn, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn tí ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, kò tó o, nítorí àgbàdo a máa fa èyí tí ó kù nínú ewé àgbà láti fi bọ́ ewé tuntun. Bí ó bá jẹ́ etí ewé ni ó ń gbẹ bí ohun tí iná rà, potásíọ̀mù, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mìíràn, ni kò tó. Ohun tí ẹ ṣàlàyé jọ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àmì lásán ni pípọ́n ewé jẹ́. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ebi ń pa.

Ohun abẹ̀mí ni ó kún inú ilẹ̀. Nínú ìwọ̀n ṣíbí ìmutíì kan tí a bù nínú ilẹ̀ ọlọ́ràá, bakitéríà, ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú kò rí, tí ó wà níbẹ̀ lè tó bílíọ̀nù kan, yàtọ̀ sí ekòló, ikán àti àwọn ẹ̀yà olú tí ojú kò rí. Ewé tí ó jábọ́ àti gbòǹgbò tí ó kú ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá sì ti jẹ ẹ́ tán ni naitirójìn inú rẹ̀ ń tú sílẹ̀ fún ohun ọ̀gbìn. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ṣán oko yẹn, ewé tí igbó ti kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àgbàdo yín ń jẹ. Láti ìgbà náà, ẹ ń kórè, ẹ kò sì dá nǹkan kan padà. Ajílẹ̀ òyìnbó bọ́ àgbàdo ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò bọ́ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀.

Ìbéèrè: Ọdọọdún ni a ń sun pòròpórò kí a tó kọ ebè, nítorí a gbọ́ pé eérú dára fún ilẹ̀. Ṣé àṣìṣe ni?

Ìdáhùn: Eérú ní potásíọ̀mù, ó sì ń dín kíkan (ásíìdì) inú ilẹ̀ kù, ìdí nìyẹn tí ohun ọ̀gbìn fi ń dán lẹ́yìn iná. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú naitirójìn pòròpórò ti bá èéfín lọ, eérú tí ó kù sì wà fún òjò láti gbá lọ. Ní tèmi, iná yẹn ló fa ìdajì wàhálà yín.

Ìbéèrè: Òjò ń rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n omi kì í wọlẹ̀, ṣe ni ó ń ṣàn lọ sí ojú ọ̀nà.

Ìdáhùn: Ẹ mú ògúlùtu gbígbẹ kan láti oko, ẹ rọra jù ú sínú ife omi. Ẹ mú òmíràn lábẹ́ igbó tí ẹnikẹ́ni kò dá rí, kí ẹ ṣe é bákan náà. Ti abẹ́ igbó yóò dúró pẹ́ kí ó tó tú. Bí ti oko bá tú ká lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀dú, ìyẹn ewé àti gbòǹgbò tí ó ti jẹrà, tí ó so erùpẹ̀ pọ̀ ti tán nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí òjò bá ti ń na irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìhòòhò, ojú rẹ̀ á dì, omi á sì máa gbá a lọ. Ọ̀rọ̀ yìí le ní agbègbè yín ju ibòmíràn lọ. Ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Ìwó pè jáde láti ara òkúta líle bíi akọ òkúta. Iyanrìn ni ó pọ̀ lójú rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ sì wà nísàlẹ̀, nígbà tí irú èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́dá ní amọ̀ jù ú lọ. Ìwọ̀nba erùpẹ̀ òkè yẹn ni gbogbo ọrọ̀ yín.

Ìbéèrè: A da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèhù àgbàdo.

Ìdáhùn: Kò tíì jẹrà nígbà tí ẹ dà á. Ẹ kó o jọ pọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ títí yóò fi jẹrà, tí kò ní gbóná lọ́wọ́ mọ́, tí òórùn rẹ̀ yóò sì ti lọ, kí ẹ tó gbé e dé oko.

Ìbéèrè: Ṣé ó di dandan kí a fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ó di igbó padà?

Ìdáhùn: Bí ẹ bá ní ilẹ̀ mìíràn, kò sí ohun tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ kò bá ní, ẹ má ṣe sun pòròpórò mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sí àárín ebè kí ó bo ilẹ̀. Lẹ́yìn àgbàdo àkọ́rọ̀, ẹ gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà, nítorí àwọn bakitéríà tí ń gbé nínú kókó ara gbòǹgbò wọn máa ń fa naitirójìn láti inú afẹ́fẹ́; ẹ fi gbòǹgbò náà sílẹ̀ sínú ilẹ̀ nígbà ìkórè. Bí ẹ bá sì fẹ́ lo yúríà, irú ajílẹ̀ òyìnbó kan tí ó ní naitirójìn, ẹ bò ó mọ́lẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.

Kí ẹ tó ná owó lórí ajílẹ̀ mìíràn, ẹ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ gbẹ́ erùpẹ̀ dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 ní ibi 15 sí 20 káàkiri oko, ẹ yẹra fún ojú ààtàn àti ibi tí a ti dáná, ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ sá a sí ibòji, kí ẹ sì gbé ìwọ̀n díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn, irú èyí tí ó wà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn.

Ẹ má retí ìyípadà ńlá ní ọdún kan. Àwọn àgbà ní ekòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Lóko, ekòló gan-an ni ó ń la ẹnu ilẹ̀, nítorí ihò rẹ̀ ni omi òjò ń gbà wọlẹ̀. Bí ẹ bá rí erùpẹ̀ wínníwínní tí ó ń tu jọ lábẹ́ pòròpórò ní àárọ̀ ọjọ́ kejì òjò, ekòló ti padà sẹ́nu iṣẹ́.