Bí mo ṣe fi àgbébọ̀ adìyẹ pa ẹyin awó

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń sin awó lẹ́yìnkùlé wa ní Ìsẹ́yìn, akọ kan àti abo méjì. Òfì híhun ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Àwọn ẹran inú ọgbà yìí, torí pé mo fẹ́ràn wọn ni mo ṣe ń sìn wọ́n: ewúrẹ́ méjì, adìyẹ ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án, àti àwọn awó tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹtù. (Ẹtù náà ni àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Brazil ṣì ń pè é títí dòní.) Kí n tó jókòó sídìí òfì láàárọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ ń yà sí.

Awó mọ ẹyin yé. Bí òjò bá ti balẹ̀, abo kan lè máa yé fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọmọ títọ́ ni kò mọ̀ ọ́n ṣe nínú ọgbà bíi tèmi. Inú koríko ló ń sá pamọ́ yé sí, níbi tí ejò lè bá a, bó bá sì jàjà pa ọmọ, á kó wọn gba inú ìrì kọjá láàárọ̀ kùtù. Ọmọ awó kò fẹ́ omi lára rárá ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Òtútù ìrì tó láti pa á. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń kó ẹyin rẹ̀ sábẹ́ adìyẹ. Ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀ lóko nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Àmọ́ mo ti kọ́kọ́ ṣe é tì lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ gbogbo wà. Ẹyin adìyẹ mẹ́fà àti ti awó mẹ́jọ ni mo pa pọ̀ sábẹ́ àgbébọ̀ kan lọ́jọ́ kan náà. Ẹyin adìyẹ ń lo ọjọ́ 21, ti awó ń lo ọjọ́ 26 sí 28. Nígbà tó di ọjọ́ 21, àwọn òròmọdìyẹ jáde. Ìyá wọn dúró di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ó kó àwọn ọmọ tó rí, ó fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo fi ọwọ́ kan ẹyin awó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n ti tutù bí òkúta odò. Mo fọ́ ọ̀kan. Ọmọ inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán, ìlà dúdú ti yọ lórí rẹ̀, ó di ojú pọ̀. Ó dùn mí gan-an. Ọjọ́ márùn-ún, mẹ́fà péré ló kù fún un.

Lọ́dún yìí, mo pinnu pé ẹyin awó nìkan ni màá kó sábẹ́ rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ wá adìyẹ tó fẹ́ sàba lóòótọ́. Kì í ṣe gbogbo adìyẹ tó bá pẹ́ lórí ìtẹ́ náà ló fẹ́ sàba. Èyí tí mo mú jẹ́ dúdú kan tó ti tọ́ ọmọ dàgbà lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá nawọ́ sí i, á wú gbogbo ìyẹ́, á máa kùn, á sọ mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ lálẹ́, ó ti fa ìyẹ́ àyà ara rẹ̀ tu, awọ ibẹ̀ sì gbóná bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe. Mo fi ẹyin méjì tí kò wúlò dán an wò fún alẹ́ mẹ́ta. Kò kúrò lórí wọn.

Kó tó dìgbà náà, mo ti ń kó ẹyin awó jọ. Abẹ́ koríko lẹ́yìn kànga ni àwọn méjèèjì ń yé sí. Ìyá mi kìlọ̀ pé kí n má kó o tán, torí awó a máa ṣí ìtẹ́ bó bá ti fura. Ṣíbí onígi gígùn ni mo fi ń wà á jáde nígbà tí wọ́n bá ti jẹ̀ lọ, mo sì ń fi mẹ́rin sílẹ̀ fún wọn. Ẹyin awó kéré sí ti adìyẹ, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, èèpo rẹ̀ sì le débi pé bí méjì bá kan ara wọn, ńṣe ni wọ́n ń dún bí òkúta. Mo kọ ọjọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára, mo to wọ́n sínú kírétì, ibi ṣóńṣó sísàlẹ̀, ní yàrá tó tutù. N kò fọ èyíkéyìí, nítorí ohun kan bo èèpo ẹyin tí kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn wọlé, omi ló sì ń ṣí i kúrò. Èyí tó bá dọ̀tí, a sè é jẹ. Èyí tó bá ti ju ọjọ́ méje lọ, n kò lò ó.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹfà ni mo gbé ẹyin mẹ́rìnlá sábẹ́ rẹ̀. Bàsíà àtijọ́ kan ni mo fi ṣe ìtẹ́: mo da eérú tútù sísàlẹ̀ nítorí kòkòrò iná tó máa ń wà lára adìyẹ, mo sì fi koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ lé e. Adìyẹ kì í ríran dáadáa lókùnkùn, ìyẹn ni mo ṣe dúró di alẹ́. Méjì méjì ni mo ń ti ẹyin bọ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan yí jáde; ó na ọrùn, ó fi abẹ́ ẹnu fà á padà sábẹ́ àyà, ó mi ara lé wọn lórí, ó sì dákẹ́. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ sára ògiri, mo sì fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ 26 àti ọjọ́ 28.

Ojúmọ́ kan, ẹ̀ẹ̀kan ló ń jáde. Á jẹ àgbàdo, á mu omi, á fi erùpẹ̀ wẹ̀, á yàgbẹ́ ńlá kan tó ń rùn, á tún sáré padà. Kì í tó ìdajì wákàtí. Lọ́jọ́ tí kò bá jáde, èmi ni mo ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, torí bó bá yàgbẹ́ sórí ẹyin, wàhálà dé nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ, mo dá ihò sára páálí, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, mo sì gbé ẹyin kọ̀ọ̀kan lé ihò náà. Èèpo ẹyin awó nípọn, ó gba sùúrù kéèyàn tó rí nǹkan. Nínú méjìlá, mo rí kókó dúdú kan àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tàn yí i ká bí òwú pupa tó ta kókó. Méjì mọ́lẹ̀ kedere, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Mo yọ wọ́n kúrò.

Ọjọ́ 17 ni ìjàlọ dé. Òjò ti rọ̀ láti ọ̀sán, ó sì ti tó bí aago méjì òru nígbà tí mo gbọ́ igbe adìyẹ. Nígbà tí mo tan iná, ilẹ̀ ilé adìyẹ ń rìn. Àwọn adìyẹ yòókù ti fò sókè, àmọ́ dúdú jókòó sórí ẹyin rẹ̀, ìjàlọ ń gun ìyẹ́ rẹ̀. Mo gbé bàsíà náà tòun tẹyin tòun tadìyẹ, mo sá lọ sí abà òfì mi, mo fi ìgbálẹ̀ gbá wọn kúrò lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹyin kan fọ́ nínú ìkánjú yẹn. Mo gbé ìtẹ́ sórí tábìlì, mo ki ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú agolo omi tí mo da kẹrosíìnì díẹ̀ sí. Ẹ̀rù bà mí pé yóò kọ ibi tuntun náà. Kò kọ̀ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ, ariwo òfì kò mì ín, ó kàn ń wò mí.

Ó di ọjọ́ 21, ọjọ́ tí ara adìyẹ mọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, mo ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀: mo fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, egungun rẹ̀ ti yọ ṣóńṣó. Ìyá mi ní kí n po èérí ògì fún un, kí n sì máa wa ikán sí i. Mo ń gbé e síwájú rẹ̀ lórí ìtẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, yàtọ̀ sí oúnjẹ àárọ̀. N kò jẹ́ kí adìyẹ ọlọ́mọ kankan sún mọ́ abà náà, kó má baà gbọ́ ohùn òròmọdìyẹ kó dìde. Ọjọ́ 22 kọjá, 23, 24. Kò dìde.

Ọ̀sán ọjọ́ 26, mo dá òfì dúró torí mo gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan. Inú ẹyin ló ti ń wá. Adìyẹ náà dáhùn nísàlẹ̀ ọ̀fun, ohùn tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Lọ́jọ́ kejì, èèpo kan sán bí ìràwọ̀ kékeré, ṣóńṣó ẹnu yọ níbẹ̀. Ó gbà á láti ọ̀sán títí di àṣálẹ́ kó tó jáde. Ọwọ́ mi ń yún mi láti bá a bó èèpo, n kò ṣe é, torí ẹ̀jẹ̀ ṣì lè wà nínú awọ ẹyin, béèyàn bá sì fà á ya, ọmọ lè kú. Ní ọjọ́ 28, mẹ́sàn-án ti jáde, ara wọn pọ́n rúsúrúsú, ìlà dúdú lórí, ẹsẹ̀ àti ẹnu wọn pupa bí ọsàn. Méjì kò jáde.

Mo fi wọ́n sílẹ̀ sábẹ́ ìyá wọn fún odindi ọjọ́ kan. Pupa ẹyin tó ṣẹ́kù sínú wọn ni wọ́n ń jẹ. Lẹ́yìn náà mo kó wọn sínú àgò lórí iyanrìn gbígbẹ. Ìṣòro tuntun ni pé wọn kò gbọ́ èdè adìyẹ. Ìyá wọn á pè wọ́n sí oúnjẹ, wọ́n á dúró máa wo ara wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń pè wọ́n, kó, kó, kó. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan wá. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n. Oúnjẹ àwọn ọmọ tòlótòló ni mo rà fún wọn, nítorí ó ní èròjà amáradàgbà ju ti òròmọdìyẹ lọ, mo sì ń fi ẹyin sísè àti ikán kún un. Dókítà ẹran kán àjẹsára Newcastle, àrùn kan tó ń pa adìyẹ àti awó, sí wọn lójú. Ọ̀kan rì sínú abọ́ omi kí n tó da òkúta wẹ́wẹ́ kún un. Àṣìṣe tèmi ni. N kò tú wọn sílẹ̀ rí kí ìrì tó gbẹ.

Wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ báyìí, mẹ́jọ ni wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo wọn fò lọ sórí igi máńgòrò nírọ̀lẹ́, ìyá wọn dúró nísàlẹ̀, ó ń pè wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo kan igi gbọọrọ kan sókè nínú ilé adìyẹ, ó ga ju orí mi lọ, mo sì ń fọ́n ọkà bàbà síbẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n wọlé wá sùn, wọ́n tò lórí igi òkè, adìyẹ dúdú wà lórí èyí tó wà nísàlẹ̀ wọn.